Ọ̀pá Tí Mo So Àkísà Pupa Mọ́

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní Ìfọ́n lọkàn mi ń lọ. Ìkòkò mẹ́ta kì í kúrò níbẹ̀, òórùn kíkan yẹn a sì gba gbogbo àdúgbò. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá mi. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò jẹ́ kí ìlú méjèèjì rẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yẹn kò fi ti ìlú wò mí rí. "Ọmọ àbúrò mi" ló ń pè mí lójú gbogbo ayé.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde, mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń dán ẹ̀gẹ́ wò lẹ́yìn ìlú Ìlọ́bù. Irú ẹ̀gẹ́ tó lé ní igba la gbìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tá a wú wọn, tá a wọ̀n wọ́n tán, ìwé nọ́ńbà tó délẹ̀ nípọn bíi Bíbélì. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ gbọ́ pé èyí sàn ju ti ìbílẹ̀ lọ lásán. "Báwo ló ṣe sàn tó?" ni yóò bi ọ́. "Báwo ló sì ṣe dá ọ lójú tó? Yà á kí n rí i." Mo bá yà á sórí ìwé: àmì kékeré kan fún irú kọ̀ọ̀kan, gíga rẹ̀ ni bó ṣe ju ti ìbílẹ̀ lọ tó, ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ìlà náà bá kúrú, ó dá wa lójú, bó bá gùn, kò dá wa lójú. Ó dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tá a pe àwọn àgbẹ̀ ìlú méjèèjì jọ, bí ìgbà tí èèrà tò ni ìwé mi rí lójú àwọn tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ni mo bá gé ọparun ogún fún ogún irú tó ta yọ, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìlà kan. Bí irú kan bá ṣe sàn tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá tirẹ̀ gùn tó. Èyí tí kò dá wa lójú, mo so àkísà pupa mọ́ ọn. Èyí tó gùn jù wà nínú wọn: ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí mẹ́ta péré la rí wú, ẹ̀gbẹ́ ààtàn àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá jù, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà. Mo ṣàlàyé o, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni, wéréwéré, torí òjò ti ṣú.

Èmi tí mo dàgbà sáàárín àgbẹ̀, mo gbàgbé ohun tí àkísà pupa jẹ́ lóko wa! Àálè ni. Ohun tó níye lórí lolóko ń pa àálè sí kólè má baà fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ bá ọ̀pá tó gùn jù, ó di àkísà náà mú, ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí kò dára, ta ní í pàálè sí i? Èyí ni kí ẹ gé fún mi." Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀, kí n ní, "Bàbá, rárá o, ẹ má mú un." Àmọ́ ọ̀gá mi ń wò wá, inú rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ wa yé àwọn àgbẹ̀. Ìyìn ọ̀gá ni mo ń wá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò gbìn ín ní ìwọ̀nba. Ó wú ẹ̀gẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kúrò lórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó fi igi rẹ̀ dáná. Nígbà tí èmi àti òun dé oko rẹ̀ lọ́dún kejì, ìdí tá a fà kò ju gbòǹgbò tín-ín-rín lọ, ìyókù ti jẹrà. Mo kúnlẹ̀ sáàárín ebè, mo bú sẹ́kún. Kò bú mi. Ó ní, "Ìwọ lo so àkísà pupa mọ́ ọn. Mo rò pé o ń fi í pa mọ́ dè mí ni, ọmọ àbúrò mi."

Háà! Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Lọ́dún yẹn, àgbẹ̀ bíi tirẹ̀ ń ra gàrí jẹ. Mo wá irú ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀ láti Ìlọ́bù dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kí n lè dá a padà fún un, n kò rí i títí tó fi kú. Mo ṣì ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kí n tó gbé e jáde, mo máa ń pe ẹni tó fẹ́ lò ó, màá bi í pé kí ló rí. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí fún un. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ ohun tó rí fún mi rí láìjẹ́ pé mo bi í, mo gbọ́, mo sì fa àdá yọ, mo gé e fún un.