Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Kàn Há

Ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rin ni. Káfíńtà ni, òun ló sì ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì ní ọjọ́ ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Baba Ìdáhùn ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tí o lè bi í nípa Ọlọ́run tí kò ní fèsì.

Ìyàwó rẹ̀ kú. Ilé pa rọ́rọ́. Ó kan ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá tó ń sùn sí, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Káfíńtà kì í kan ilẹ̀kùn kó fún pinpin. Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ ni, torí bí òjò bá rọ̀, igi á wú. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dúró tì í, tí á ní, "Ẹ fi àyè sí i o." Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbàgbé.

Opó kan wà nínú kíláàsì rẹ̀, aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ kú láìwọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó bi Baba pé ibo ni ọkọ òun wà báyìí. Baba ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin náà ní bí òun ò bá rí èsì nígbà náà, òun ò wá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ pé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Baba múra tán, ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fà á títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ló bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Kò tíì rí èsì kankan fún aránṣọ.

Ìsìn parí, aránṣọ wá wò ó. Ó gbọ́ ohùn Baba látinú yàrá.

"Baba, ṣé èmi lẹ sá fún tẹ́ ẹ fi kan ara yín mọ́lé?"

Baba ní ilẹ̀kùn ló há.

"Ta ló kàn án?"

"Èmi ni."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ mi ńkọ́?"

Baba gbé iwájú orí lé pákó ilẹ̀kùn. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ìyàwó tèmi náà, mi ò mọ bó ṣe wà lọ́hùn-ún. Ohun tí Ọlọ́run fi hàn wá lára Jésù ni mo mọ̀, pé aláàánú ni. Ìyókù, kò sọ fún mi."

Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó rò pé obìnrin náà ti lọ. Ó dúró síbẹ̀, òun àti pákó. Nígbà tó yá, òòlù ba ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, gbàgà. Obìnrin náà ti lọ mú un ní ṣọ́ọ̀bù Baba.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ojú obìnrin náà ti pọ́n fún ẹkún. Ó gbé òòlù lé Baba lọ́wọ́. Ó ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ bí Baba bá tún ti mọ gbogbo nǹkan, òun á yíjú padà sílé. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Baba fá ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ó fi àyè sí i. Kò sẹ́ni tó rán an létí. Búrẹ́dì àti ẹyin sísè ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.