Apẹ̀rẹ̀ Tí Wọn Ò Fẹ́ Kí N Hun

Ìdájí ni mo kúrò nílé ní Ìlọrin, nítorí ọ̀rọ̀ tí màmá mi sọ. Wọ́n ní ìwé ti jẹ ọwọ́ mi tán, pé kò wúlò fún nǹkan kan mọ́ ju kí n máa fi tẹ fóònù lọ. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan lẹ́bàá Èsìẹ́ ti kéde wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé àlejò yóò fọwọ́ ara rẹ̀ hun apẹ̀rẹ̀, wọn yóò pàtẹ rẹ̀, yóò sì gbé e lọ sílé.

Ẹ̀sùn kìíní: dírẹ́bà. "Àńtí, ẹnì kan péré ló kù, ẹ wọlé." Ẹni mẹ́ta ló kù. Nígbà tí a pé, ó kó wa ní mẹ́rin sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, kò sì dín owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ṣoṣo ni mo fi jókòó dé Ọ̀mù-Àrán. Láti ibẹ̀, ọ̀kadà ló gbé mi la eruku dé iléèwé náà; aṣọ funfun ni mo wọ̀ gùn ún, aṣọ pupa ni mo wọ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ewé ni wọ́n fi kí wa káàbọ̀. Ó dùn. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí mọ́ínmọ́ín.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo: olùkọ́ wa, Ìyá Àdùkẹ́. Mo hun ìlà kan, wọ́n na ọwọ́. "Mú un wá, ọmọ mi, kí n bá ọ tún un ṣe díẹ̀." Mo hun ìlà kejì, wọ́n tún gbà á. Ní Ìlọrin, bí ọmọṣẹ́ bá ba iṣẹ́ jẹ́, ọ̀gá á bú u, á ní kó tú u, kó tún un hun. Èébú yẹn gan-an ni mo ń wá! Nígbà tó fi di ọ̀sán, apẹ̀rẹ̀ ti parí, ó rẹwà, ojú lásán ni mo fi hun ún. Ó ti dórí tábìlì ìpàtẹ, orúkọ mi gbàǹgbà lára rẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Ìyá, èmi kọ́ ni mo hun ún."

"Dákẹ́ jàre! Ṣé kí wọ́n ní a ò mọ iṣẹ́ kọ́ àlejò ni?"

"Màmá mi á mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n hun tèmi."

"Èyí tó máa wọ́ bí ẹnu arúgbó?"

"Òun náà ni, mà."

Ìyá Àdùkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ fún mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n sì jókòó lé ọwọ́ ara wọn.

"Ṣé o ti fà á le báyìí?"

"Ẹ má wẹ̀yìn, ìyá!"

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, màmá mi yẹ tèmi wò yípo, wọ́n kó àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Mẹ́ta gba ìdí jáde.

"Ìwọ lo hun ún lóòótọ́," wọ́n wí. "Ta ló máa ta irú èyí fún èèyàn? Ọwọ́ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó yá, lọ gbé odó wá, iyán la máa jẹ lálẹ́ yìí."

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò ju èyí lọ: ẹni tó bá rí i pé ọwọ́ òun ń ṣiṣẹ́, kó má sọ fún ìyá rẹ̀.