Ẹnu Tí Pok Endut Ń Yá Wọn

Láàárín àwọn apẹja abúlé Kuala Setiu, níbi tí wọ́n ti ń pe bàbá ní Pok, kò sí ẹni tí etí rẹ̀ mú ju ti Pok Endut lọ. Yóò di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, yóò ri orí bọ òkun, yóò sì gbọ́ ẹja gelama bí wọ́n ti ń kùn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé etí nìkan ni a fi ń ṣe olórí ọkọ̀, onítọ̀hún kò tí ì darí ènìyàn méjì rí. Pok Endut ni etí ọkọ̀. Òun ni adájọ́. Òun ni ó ń pín ẹja láìṣègbè. Òun ni ó ń lọ bẹ ìyàwó ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ bí obìnrin náà bá ti ọkọ mọ́ta. Lọ́dún yìí, ó tún wá di ìránṣẹ́.

Jusoh, tí ń dúró níwájú ọkọ̀, àti Derahman, tí ń tukọ̀ lẹ́yìn, jẹ́ àna ara wọn. Àdàbà Derahman kọrin borí ti Jusoh níbi ìdíje orin ẹyẹ. Jusoh ní Derahman pààrọ̀ ẹyẹ ni. Láti ìgbà náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

"Pok, ẹ sọ fún ẹni ẹ̀yìn yẹn kó rọra."

"Pok, ẹ sọ fún aládàbà odi yẹn pé mo gbọ́."

Pok Endut ń jẹ́ iṣẹ́ náà, nítorí Derahman ti ń sọ pé ọkọ̀ ńlá kan nílùú ń wá òun síṣẹ́. Bí ó bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wọn fa àwọ̀n. Ọkọ̀ náà yóò di ibùsùn ewúrẹ́ létíkun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, Pok Endut sì ri orí bọ omi. Ó gbọ́ wọn: agbo gelama ńlá, lápá ọ̀tún! Ó na ọwọ́ sókè, ó tọ́ka. Bí wọ́n ti ń ṣe é láti ayé àwọn bàbá wọn ni pé ẹni iwájú yóò rí ọwọ́, yóò sọ ọ́ jẹ́ẹ́ fún ẹni ẹ̀yìn, ọkọ̀ yóò sì yí. Ọkọ̀ kò yí. Ó tún tọ́ka. Èémí rẹ̀ ń tán, ìró ẹja ń jìnnà. Ó yọ orí.

"Jusoh! O ò rọ́wọ́ mi ni?"

"Mo rí i, Pok. Mo ń dúró kí ẹ jáde, kí ẹ lè sọ fún un."

Derahman bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo orí tó ń sin ẹyẹ!"

Pok Endut nu omi kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ti bá wọn gbé ọ̀rọ̀ kiri títí wọn kò fi mọ ìlò ẹnu wọn mọ́.

"Láti òní, n kò yá ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnìkejì gbọ́, kó la tirẹ̀."

Wọ́n lọ sí ibòmíràn. Ó tún ri orí bọ omi, ó tún gbọ́ ẹja, ó tọ́ka sí òsì. Lójijì ni ohùn Jusoh bú jáde bí àrá:

"DERAHMAN! ÒSÌ NI, OLÓJÌBÌTÌ ẸLẸ́YẸ!"

Òkun pa lọ́lọ́, bí kíláàsì tí ọ̀gá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Gelama kan kò kùn mọ́.

Àwọ̀n òfìfo ni wọ́n gbé bọ̀, àríyànjiyàn kò sì dá títí dé èbúté.

"Ta ló ní kó o pariwo?"

"Àbí kí n kọ lẹ́tà sí ẹ?"

"Ohùn yẹn ni ò bá fún àdàbà ẹ, ì bá borí!"

Pok Endut jókòó sí àárín wọn, etí ń dùn ún, kò tilẹ̀ tú ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un.

"Lọ́la," ni Derahman wí bí wọ́n ti gúnlẹ̀, "sún mọ́ ẹ̀yìn kó o tó lanu."

"Lọ́la, kí ìwọ náà máa wo ojú mi!"

Pok Endut gbọ́ "lọ́la" náà dáadáa, ó sì yé e pé Derahman kò lọ sílùú mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹja láti pín. "Ẹ bá mi fa ọkọ̀!" ni ó fi ìbínú wí. Àwọn méjèèjì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹnìkejì ni kò di ibi tirẹ̀ mú.