Àwọ̀n Ẹnu Dúdúyẹmí

“Bàbá, kí ni ẹṣin yìí ṣe tí ẹ fi dè é lẹ́nu?”

Ràhmát ló béèrè, ọmọ Fúnláyọ̀ tó ń dáná nílé Àlàájà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Bí ilé-ìwé bá ti parí ló máa ń wá láti Jakande, kí òun àti ìyá rẹ̀ lè jọ padà sílé. Láti oṣù mẹ́fà tó ti ń wá, “ẹ káàsán, sà” nìkan ni Mákánjúọlá, tó ń tọ́jú ẹṣin náà, tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó dúró ti ọgbà ẹṣin títí, ó ń wo àwọ̀n kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹṣin náà, Dúdúyẹmí, lẹ́nu, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tò ó tán, ó sọ ọ́ ketekete.

Mákánjúọlá la ẹnu kó dá a lóhùn. Ìgbà náà ló rí Àlàájà tó dúró lẹ́yìn ọmọ náà, tòun ti báàgì ìrìn-àjò lọ́wọ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ náà kò jáde, ohun tó sì tẹ̀lé e kò ṣeé kó padà.

Ọmọ apẹja ni Mákánjúọlá. Etí ọ̀sà lápá Ajah ni wọ́n bí i sí, kó sì tó mọ ìwé kà ló ti mọ àwọ̀n hun. Nígbà tó di ọkùnrin, àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá dé, wọ́n da yanrìn sí ọ̀sà, ibi tí bàbá rẹ̀ ń ta àwọ̀n sí sì di òpópónà tí wọ́n tẹ́ bíríkì sí. Ẹja lọ. Ó gba etíkun lọ, ó tẹ̀ lé màlámù kan tó ń fi ẹṣin gbé àwọn àlejò rìn lórí yanrìn. Ọdún mọ́kànlá ló lò lẹ́yìn màlámù náà. Ó mọ bí a ti ń di gàárì, ó mọ bí a ti ń gé pátákò, ó sì mọ bí a ti ń dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà títí ẹ̀rù náà á fi lọ. Dídúró jẹ́ẹ́ yẹn ni Àlàájì Odùbánjọ rí tó fi mú un lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn Igbó Ẹfọ̀n, kó máa tọ́jú Dúdúyẹmí.

Ẹṣin dúdú ni, dúdú tó ń dán bí epo. Àlàájì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé odidi búrẹ́dì kan lọ sí ọgbà, yóò máa bù ú fún un, yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Mákánjúọlá yóò gbé abọ́ dúsà wá, èyí ni eèrí ọkà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń pò fún ẹran wọn, pẹ̀lú ọkà bàbà lórí rẹ̀. “Ohun ẹlẹ́mìí kan kò ní rù lọ́dọ̀ mi,” ni Àlàájì máa ń wí. Ní tiwa, bí a bá rí ẹni tó pẹ́ lójú ẹni, “o mà sanra o” la fi ń kí i, inú rẹ̀ a sì dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò tó bá wọlé ṣe ń kí Àlàájì nítorí ẹṣin rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́, Àlàájì kú. Àlàájà Ṣùkúrátù, ìyàwó rẹ̀, kò dín búrẹ́dì kù. Ó sọ ọ́ di méjì.

“Kó má baà mọ̀ pé bàbá òun ti kú,” ló wí. Ó nu ojú, ó fi kún un pé, “Mákánjú, bí ẹṣin yìí bá fi lè rù, àwọn ẹbí ọkọ mi á ní opó ti ń jẹ ogún rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

Dókítà Olúyẹ́misí, dókítà ẹran, wá láti gún ẹṣin náà lábẹ́rẹ́. Ó ti abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ọwọ́ wá egungun ìhà Dúdúyẹmí, kò rí i. Ó di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú níbi tí gọ̀gọ̀ ti hù, ọ̀rá ibẹ̀ le bí igi.

“Bàbá, ta ló ń fún ẹṣin yìí ní oúnjẹ?”

“Èmi ni. Èmi àti àwọn onílé.”

“Ẹ fẹ́ pa á.”

Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣeré ni. Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa gbọ́. Ẹṣin tó bá sanra báyìí, inú pátákò rẹ̀ ni àìsàn náà ń bá wọlé. Pátákò á gbóná, ẹran tó di egungun ẹsẹ̀ mú á jọ̀wọ́ rẹ̀, egungun á sì máa sọ̀ kalẹ̀ nínú pátákò náà. Koríko òjò ló burú jù, nítorí adùn ló kún inú rẹ̀. Bí òjò bá bá a nínú ọ̀rá yìí, n kò lè ṣèlérí nǹkan kan fún yín.”

“Kí n má fún un lóúnjẹ mọ́ ni?”

“Háà, rárá o! Bí ẹ bá fi ebi pa á lójijì, ìyẹn náà á pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni. Kò sí búrẹ́dì mọ́, kò sí ọkà. Koríko gbígbẹ ni, kí ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí kan kí adùn rẹ̀ lè ṣàn lọ. Kí ó máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Kí ẹ máa fà á rìn lórí yanrìn rírọ̀, kì í ṣe lórí bíríkì yìí o. Kí ẹ sì sọ fún Àlàájà.”

Àlàájà ti wà ní Àbújá lọ́sẹ̀ yẹn, ó lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò. Òjò kò ní pẹ́ dé.

Ìgbà náà ni Mákánjúọlá tún rántí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ra òwú, ó mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n, ó hun àpò olójú wẹ́wẹ́ kan, ó kó koríko sínú rẹ̀. Dúdúyẹmí ní láti máa fi ètè yọ koríko náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Ó tún hun kékeré kan tó bo ẹnu rẹ̀, èyí tó lè fi mu omi, tó lè fi mí, ṣùgbọ́n tí koríko tútù ò lè gbà kọjá ju ṣóńṣó díẹ̀ lọ. Ó fi okùn wọn àyà ẹṣin náà yípo, ó ta kókó kan síbi tí okùn náà dé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ta kókó mìíràn sí inú ti ìṣáájú, nítorí àyà náà ń kéré sí i.

Láàárọ̀, kí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté tó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ilẹ̀ tìtì, ó ti fa Dúdúyẹmí dé orí yanrìn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n rìn, ẹṣin náà sì ń mí bí ẹni tó gun òkè. Nígbà tó fi di oṣù kejì, wọ́n ń rìn fún wákàtí kan.

Taofeek, awakọ̀ ilé, a máa dúró lẹ́nu géètì dè wọ́n.

“Bàbá, tírélà yín ti ń bọ̀! Ẹ rọra o, kó má ba títì jẹ́ fún wa!”

“Ìwọ tí ikùn rẹ ṣíwájú rẹ dé ibi iṣẹ́ ńkọ́? Wá, jẹ́ kí n hun tìrẹ náà.”

“Èmi kẹ̀? Ìyàwó mi á lé yín dé Ẹ̀pẹ́!”

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mákánjúọlá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákò iwájú, ó gbóná janjan bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Kò fà á jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, pátákò náà ti tutù. Láti ọjọ́ yẹn, kó tó kí ènìyàn láàárọ̀, pátákò mẹ́rin ló kọ́kọ́ ń kí.

Àlàájà ń pè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

“Dúdúyẹmí ńkọ́?”

“Ó wà, mà.”

“Ṣé ó ń jẹun dáadáa?”

“Ó ń jẹun, mà.”

Ọ̀rọ̀ Dókítà á wá dé ọ̀fun rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Bó bá ní oúnjẹ ló ń pa ẹṣin náà, ta ló fún un ní oúnjẹ? Òkú tí a sin kò tíì pé ọdún, kí òun tó jẹ iyọ̀ rẹ̀ wá sọ fún opó pé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló mú àìsàn wá? Ó ní yóò di ìgbà tó bá dé. Ó ní bó bá fojú ara rẹ̀ rí bí ara ẹṣin náà ṣe fúyẹ́, kò ní sí ọ̀rọ̀ kan láti sọ mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, koríko yọ lẹ́yìn ilé, ó tutù, ó rẹwà, ojú Mákánjúọlá kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àlàájà dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tó bá ọmọ Fúnláyọ̀ lórí ìbéèrè rẹ̀.

“Ọmọdé rí i!” ni Àlàájà wí. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọmọdé tí kì í sọ̀rọ̀ rí i! Mákánjú, oṣù mẹ́ta péré. Wo ìhà rẹ̀! Mo lè ka egungun rẹ̀!”

“Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, Dókítà ló…”

“Dókítà wo? Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń pè ọ́. Ṣé o sọ fún mi pé dókítà kan wí nǹkan kan?”

Àlàájà sín in jẹ.

“Ó ń jẹun, mà. Ó wà, mà. O wá di ẹnu ẹran aláìlẹ́ṣẹ̀ bí ẹni di ẹnu olè! Kí ni mo ṣe fún ọ? Kí ni ọkọ mi ṣe fún ọ?”

Orúkọ òkú náà ló ti gbogbo ọ̀rọ̀ padà sí i lọ́fun. Àlàájà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àwọ̀n náà, ó jù ú sílẹ̀, ó ránṣẹ́ ra búrẹ́dì. Mákánjúọlá wo ẹnu ẹṣin náà bó ti ń jẹ ẹ́. Kí ó tó di àṣálẹ́, wọ́n ti ní kó kó ẹrù rẹ̀.

“Ẹ lé mi, mà, kò burú. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó jẹ koríko òjò.”

“Koríko tí Ọlọ́run hù?” ni Àlàájà dá a lóhùn.

Ràhmát dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ̀ ṣe.

Mákánjúọlá padà sí Ajah. Ó ń gbọ́ òjò lórí páànù, ó ń ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù dún. Taofeek ni, kò sí yẹ̀yẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, Dúdúyẹmí kọ̀, kò rìn. Ó na ẹsẹ̀ iwájú síta, ó fi gbogbo ara sún sẹ́yìn, bí ẹni tó ń sá fún iná tó wà nílẹ̀.”

“Òógùn ńkọ́?”

“Ó ń ṣàn ní ara rẹ̀ bí òjò.”

Kò dúró wọ bàtà tó dáa. Ó ké sí Dókítà lójú ọ̀nà, ó yà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ó ra yìnyín àpò mẹ́ta. Nígbà tó dé ilé Àlàájà, òun àti Taofeek da á sínú bàsíà, wọ́n ki ẹsẹ̀ iwájú Dúdúyẹmí bọ̀ ọ́. Yìnyín náà yọ́ kíákíá. Wọ́n tún da òmíràn. Ẹṣin náà gbé orí lé Mákánjúọlá léjìká, ó ń gbọ̀n.

Dókítà fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀, ó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù níbẹ̀ kì-kì-kì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà láti ìbẹ̀rẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́: ọ̀rá, búrẹ́dì, ọkà, koríko òjò.

“Mo sọ fún Bàbá kí wọ́n sọ fún yín, mà.”

Àlàájà yíjú sí i. Kò bínú mọ́. Ìyẹn ló burú jù.

“Mákánjú, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ó tún da yìnyín sínú bàsíà. Ní ọjọ́ kẹrin, Dúdúyẹmí dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́, egungun ti sọ̀ kalẹ̀ nínú pátákò méjèèjì iwájú. Dókítà ní àánú kan ṣoṣo ló kù, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó mú un sùn. Àlàájà ní kí Mákánjúọlá padà sẹ́nu iṣẹ́, kó máa tọ́jú òdòdó. Ó dúpẹ́, kò gbà.

Ọdún méje kọjá. Ó ń hun àwọ̀n fún àwọn tó ń sin ẹja nínú ọgbà omi, abẹ́ igi àgbọn kan lẹ́yìn ọjà Ajah ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ilé-ìwé girama kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò dá a mọ̀ títí tó fi rí i tí ètè rẹ̀ ń mì kó tó sọ̀rọ̀.

“Ọmọ Fúnláyọ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ẹ forí jì mí, sà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Bí n kò bá béèrè, wọn kì bá tí lé yín. Ẹnu mi ló pa ẹṣin náà.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà.”

“Ìwọ nìkan lo béèrè nǹkan nílé yẹn o. Àgbà mélòó ló ń wo àwọ̀n náà lójoojúmọ́?”

Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà sì dúró dè é, nítorí ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń pẹ́ kó tó tò.

“O bi mí pé kí ni ẹṣin náà ṣe tí mo fi dè é lẹ́nu. Kò ṣe nǹkan kan, Ràhmát. Mo dè é kó má baà kú ni. Ẹnu tèmi tí mo dè mọ́ tirẹ̀ ló pa á.”