Ọ́ìlì-síìlì tí mo fi ọmọ odó gbá wọlé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, epo ọkọ̀ ni a jọ sọ̀rọ̀ lé lórí kẹ́yìn. Ó ń gbálẹ̀ àgbàlá, ó dúró, ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí abẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ọkọ̀ yín tún ti tọ̀ sílẹ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá di Sátidé n ó tún un ṣe. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, èmi náà gba tèmi. Tísà ni àwa méjèèjì ní Adó-Èkìtì nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí tàbí kí n gbé e mì. Ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ lónìí.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí wọ́n fi wá pè mí jáde ní kíláàsì. Wọ́n ní ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Kò gbé e sókè mọ́. Ẹni tó gbálẹ̀ láàárọ̀! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. N kò lè wọlé, n kò sì lè padà.

A sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ mú Fúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, lọ sí ilé wọn ní Igbemo, ó ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ òun ná. Mo dúpẹ́. Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ránṣẹ́ pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi wọlé ní Mọ́ńdè tí Fúnmi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọn yóò ti fi í sílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kò lè dá tọ́ ọmọbìnrin. Wọn kò bú mi o. Wọ́n rò pé àánú mi ni àwọn ń ṣe.

Ṣé n óò dá wọn lẹ́bi? Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò tíì fọwọ́ ara mi ṣe ohunkóhun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pọnmi fún mi, wọ́n ń dáná, wọ́n ń fọ aṣọ mi. Bí mo bá nawọ́ sí nǹkan, wọ́n á ní, Tísà, ẹ jókòó jàre. Wọ́n ṣeun, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó dé ibi tí mo ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun á rán dírẹ́bà òun lọ mú ọmọ náà wá. Mo ní rárá. Mo mọ ìyá ìyàwó mi. Kò ní gbé ọmọ lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ, nínú ọkọ̀ mi.

Ọkọ̀ náà kò sì ṣeé wà. Róbà roboto tó ń dí epo mọ́ ìdí táyà ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì-síìlì, ti gbó. Epo ń ṣàn sára bíréèkì apá òsì, bíréèkì kò sì mú dáadáa mọ́. Ta ló máa fi ọmọ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ó di Sátidé, mo lọ ra ọ́ìlì-síìlì ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Fájuyì, láàárín ìlú. Méjì ni mo rà, mo rò pé n ó pààrọ̀ ti apá kejì pẹ̀lú. Bí mo ṣe ń lọ, ọkùnrin tó tà á fún mi pè mí padà. Ó ní, "Tísà, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí epo o." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo ti máa ń dúró ti mẹkáníìkì wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, mo fi òkúta dí àwọn táyà iwájú. Mo tú táyà, mo tú bíréèkì, mo fa ọ̀pá irin tó ń yí táyà jáde. Ọ́ìlì-síìlì àtijọ́ náà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Mo ti irin pẹlẹbẹ kan sí i létí, mo gbé òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú.

Ìyá Dúpẹ́, aládùúgbò wa, já wọlé, ó fọwọ́ di aṣọ ìdí rẹ̀ mú. Ó bi mí pé ta ló tún kú. N kò lóye. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa:

"Tísà, ulé yìí ti gbọ́ òòlù tó."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí gan-an ni káfíńtà ti kan pósí ìyàwó mi. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Báwo ni kò ṣe wá sí mi lọ́kàn? Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo rò pé yóò ní kí n fi í sílẹ̀. Ó kàn béèrè ohun tí mò ń ṣe ni. Mo ní mo fẹ́ lọ mú Fúnmi. Ó lọ sílé rẹ̀, ó gbé ọmọ odó wá, ó ní kí n máa fi ìyẹn gbá a, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé iyán ni mò ń gún. Ó tún ní òun kò tíì rí ọkùnrin tó gún iyán lábẹ́ ọkọ̀ rí. A jọ rẹ́rìn-ín, ẹnu sì yà mí sí ara mi.

Ọmọ odó ṣe é! Ti àtijọ́ jáde. Mo nu ibẹ̀, mo fi tuntun sí i, mo gbé pákó pẹlẹbẹ lé e, mo rọra gún un wọlé. Mo fi pẹtiróòlù fọ bíréèkì, mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo bu epo sí i. Ìyá Dúpẹ́ wá gba ọjà lọ. Mo wa ọkọ̀ dé Fájuyì, mo padà.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, epo ti ń ṣàn lára táyà.

Ọ́ìlì-síìlì tuntun! Mo jókòó síbẹ̀. Mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ ní Igbemo.

Nígbà tó yá, mo tún un tú. Mo gbé ìkejì sí àtẹ́lẹwọ́, mo ń yí i. Ẹ̀gbẹ́ kan dán, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì lanu sílẹ̀, ó ní ètè, sípíríńgì tín-ínrín yí i ká. Ẹ wo ohun tí mo ṣe! Tísà ni mí. Ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí ni mo mọ̀ sí ojú, bí ojú ìwé. Èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni mo kọ sí epo. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹnu bá wà, ṣebí ibẹ̀ náà ni ojú wà? Ètè yẹn ló yẹ kó kọ sí epo, kí epo fúnra rẹ̀ lè máa tì í mọ́ ọ̀pá.

Mo yí i. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo gún un wọlé, mo dì í padà, mo wa ọkọ̀ jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó mú. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn táyà. Ó gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo dé Igbemo. Ìyá ìyàwó mi jáde, ó ń yọjú wo inú ọkọ̀, ó ń wá dírẹ́bà. Ó béèrè ẹni tó wà mí wá. Mo ní èmi nìkan ni. Ó béèrè ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe. Mo na ọwọ́ mi sí i, epo dúdú ṣì wà ní abẹ́ èékánná. Ó di ọwọ́ náà mú, ó wò ó pẹ́. Ó wá kọjú sínú ilé.

"Fúnmi, gbé báàgì ẹ. Bàbá ẹ ti wá mú ẹ."

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ bá lọ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ pọnmi fún un, ẹ dáná fún un, ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan kù fún un. Ìyá Dúpẹ́ ìbá ti pe mẹkáníìkì. Ọmọ odó ló gbé wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹnìkejì yín lọ, iṣẹ́ wo ni ẹ kọ́kọ́ dá ṣe? Ẹ kọ ọ́ fún mi, bó ti wù kó kéré mọ. Tèmi nìyí: mo pààrọ̀ ọ́ìlì-síìlì kan, kò sì jò mọ́.