Níbo ni Kòsọ́kọ́ Kú Sí?

Ọdún méjìdínlógún ni Làtífátù Láwàl ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sífíìkì, ìtàn àti ètò ọrọ̀-ajé ní iléèwé aládàáni kékeré kan ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Kì í ṣíwèé kó tó kọ́ni mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí.

Lọ́jọ́ kan tó ń pín èsì ìdánwò, Ẹwàolúwa, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wo máàkì tirẹ̀, ó sì rọra béèrè pé, "Anti, ẹ̀yin náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, mélòó lẹ máa gbà?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Làtífátù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Dùnsìn, tíṣà ìṣirò, pé kó bá òun yan àádọ́ta ìbéèrè láti inú àwọn ìwé tí òun fi ń kọ́ni, kó má sì jẹ́ kí òun rí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó sí àga ọmọléèwé, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì, ó sì kọ ọ́ fún wákàtí kan gbáko.

Ó gba mẹ́rìnlélógójì. Márùn-ún nínú mẹ́fà tó kùnà jẹ́ ti ọrọ̀-ajé, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ẹyọ kan tó kù ni kò gbà pé òun kùnà: Níbo ni Ọba Kòsọ́kọ́ kú sí? Ó ti kọ Ẹ̀pẹ́.

Ó jiyàn. Ó ní wọ́n bí òun sí Ẹ̀pẹ́, Dùnsìn ọmọ Ọ̀yọ́ kọ́ ló máa kọ́ òun ní ìtàn ibẹ̀. Dùnsìn ò bá a fà á, ó kàn ṣíwèé síwájú rẹ̀. Ọba náà sá wá sí Ẹ̀pẹ́ lóòótọ́, ó lo bí ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, àmọ́ ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ní Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá bàbá rẹ̀, apẹja tí kò lọ sódò mọ́. Ó bi í léèrè ìdí tó fi sọ fún òun ní kékeré pé Ẹ̀pẹ́ lọba náà kú sí.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ rí. Ibi tí Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gúnlẹ̀ sí létí ọ̀sà ni mo fi hàn ẹ́. O ò bi mí níbi tó gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn."

Nínú ọkọ̀ tó ń padà bọ̀, ó yé e pé òun fúnra òun ló parí ìtàn náà, tí òun sì ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún méjìdínlógún wá. Ojú tì í.

Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ òótọ́ fún kíláàsì, ó sì fi ìwé ìdánwò tirẹ̀ han Ẹwàolúwa. Ó tún kọ ọ́ sórí Wasáàpù sáwọn tó ti kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ̀rín dáhùn. Toheeb nìkan ló pè é. Òun náà ti di tíṣà ní Àgbówà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sì kọ́ kíláàsì rẹ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ni. Ó ní kí Anti má ṣèyọnu, òun máa tún un ṣe.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ," ni Làtífátù wí. "Ọjọ́ wo lẹ tún máa ṣe ìtàn?"

Lọ́jọ́bọ̀, ó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, ó sì lọ sí Àgbówà. Toheeb fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ kan tó wà níwájú béèrè ẹni tí ìyá yìí jẹ́.

"Tíṣà mi ni," Toheeb dáhùn, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ.