Ìdáhùn Màmá Lorna Pettingill

Bí òkúta ibojì àwọn baba ńlá wa ní ìlú Harlow bá ń dán, Màmá Lorna Pettingill ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló ń lò. Ẹni tó bá gbé ọṣẹ ìfọṣọ dé ibẹ̀, á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa bá a délé. Òun ló ń fọ ti baba ńlá tèmi náà, èmi tí ilé mi ò jìnnà síbẹ̀ tí mi ò sì yọjú.

Lọ́dọọdún, lóṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ wa máa ń pe orúkọ àwọn baba ńlá wọ̀nyí, tó bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun òmìnira ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Àrọ́mọdọ́mọ wọn á dáhùn pé, "Ó wà níbí!" Ẹni tí kò bá ní ọmọ mọ́ láyé, èmi á fa okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún un lẹ́ẹ̀kan, a ó sì kọjá. Láti kékeré ni Màmá Lorna ti ń dáhùn fún Eleazar Pettingill, tó ń fi agogo yìí kan náà pe àwọn ọmọ ogun jọ. Òun nìkan ló kù nínú ìdílé wọn.

Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá.

Mo lọ bá Frisbie, alága wa. "Alága, ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn."

"Ṣé ọmọ Pettingill ni ẹ́?"

"Rárá o, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń dáhùn, Wendell. Tí mo bá gbà fún ẹ lónìí, lọ́la ajá ẹ náà á dáhùn."

Inú bí mi débi pé mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ pé. Frisbie pe Eleazar Pettingill. Màmá Lorna dìde, ó la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Omijé lé ròrò sí i lójú. Frisbie wojú mi kí n fa agogo. Agogo aláìlọ́mọ, nígbà tí ọmọ rẹ̀ dúró síbẹ̀! Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Ni Màmá Lorna bá rìn wá, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó fà á. Kò fà á lẹ́ẹ̀kan o. Ó ń fà á ṣáá, bí Eleazar ti ń ṣe nígbà ogun, títí àwọn tó ń jẹun lódìkejì títì fi jáde wá wòran.

Frisbie ṣí fìlà. "Ó wà níbí," ló wí.

Orúkọ tó kàn ni ti baba ńlá mi, Gideon Prouty.

"Ó wà níbí!" ni mo ké. "Màmá Lorna ló ń bá mi fọ òkúta rẹ̀. Ẹ ṣé o, Màmá!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Màmá Lorna yọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú àpò, ó nà án sí mi kí n gbà á.